Wáífáì Tó Ń Lọ Tó Ń Bọ̀: Sí Mojíṣọlá Ọmọ Mi, ní Ìlọrin

Kábáwá, Lọ́kọ́ja.

Mojíṣọlá ọmọ mi,

Òkun o, bí a ṣe ń kí ara wa nílé. Òkun iṣẹ́, òkun ìlú onílùú, òkun ẹkún àná. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Abúlé ló wà, ó ń bá ebè iṣu rẹ̀ jà, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ le, ẹnu rẹ̀ náà sì le bí o ṣe mọ̀ ọ́n.

Ó lè yà ọ́ lẹ́nu pé mò ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà lọ́wọ́ mi. Fóònù ti ṣe tirẹ̀ lánàá, kò sì ṣe é dáadáa. Ìwọ ń sunkún lọ́hùn-ún, èmi ń fa ikun imú níbí, a ò sì rí ọ̀rọ̀ kan tó nítumọ̀ bá ara wa sọ títí owó fi tán lórí ẹ̀rọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó sídìí kọ̀ǹpútà wa nínú ṣọ́ọ̀bù, tí mò ń tẹ èyí díẹ̀díẹ̀ bí oníbàárà bá ti lọ. Bí o bá débi tí ọ̀rọ̀ mi já lójijì, mọ̀ pé ẹnìkan ló wá ṣe fọ́tókọ́pì. Awakọ̀ kan tó ń lọ Ìlọrin ni màá fún, kí o lè rí i kà nígbà tí ojú rẹ bá gbẹ, kí o sì tún un kà.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo gbọ́ láti ẹnu rẹ, kí o lè mọ̀ pé etí mi kò di. O ní ní iléèwé tí wọ́n ti gbà ọ́ síṣẹ́ láti máa tọ́jú àwọn kọ̀ǹpútà wọn, ti akápò ló ń dá ọ lágara. O ní kọ̀ǹpútà orí tábìlì ni, bíi tiwa gẹ́lẹ́, kò ní wáífáì tirẹ̀ nínú, adápítọ̀ pélébé yẹn ni wọ́n kì bọ ìdí rẹ̀ kó lè máa gbá nẹ́tíwọ̀ọ̀kì mú. Ó ń lọ, ó ń bọ̀. O tún un ṣe, o ní ó ti tán, ilẹ̀ kò tíì ṣú tó fi tún já. Akápò wá dìde láàárín yàrá àwọn olùkọ́, ó ní, "Ọmọ Lọ́kọ́ja tí wọ́n mú wá yìí, ṣé ó tiẹ̀ mọ iṣẹ́ ni?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. O ní bí oṣù yìí bá parí, o máa fi iṣẹ́ sílẹ̀, o máa padà wálé. O sì fi kún un pé, "Màmá, ṣebí ṣọ́ọ̀bù yín náà nílò ẹni tí yóò máa tún nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ṣe."

Mojí, má tíì di ẹrù. Gbọ́ tèmi ná.

Nínú ilé wa, a kì í yin ọmọ lójú ara rẹ̀. Bí o bá ṣe dáadáa, bàbá rẹ á ní "ó dára," èmi á ní "lọ jẹun," ó parí. Bẹ́ẹ̀ la ṣe tọ́ àwa náà. Ṣùgbọ́n ìwé kò rí ojú ẹni tó kọ ọ́, nítorí náà màá yìn ọ́ lónìí bó ṣe wù mí. Láti ìgbà tí mo ti ń tẹ̀wé fún àwọn ará ìlú yìí, láti orí taipuráítà dé orí kọ̀ǹpútà, n kò tíì rí ẹni tó ní sùúrù bíi tìrẹ nídìí nǹkan tó bàjẹ́. N kò sọ ọ́ nítorí pé èmi ni mo bí ọ. Èmi tí mo bí ọ kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀ rárá, bàbá rẹ náà kò ní in, àfi bí o bá rí i jogún lọ́dọ̀ àwọn ìyá ìyá mi tí mi ò mọ̀. Ohun tí o mọ̀ ọ́n ṣe nìyí tí ẹ̀rù mú ọ gbàgbé, mo sì fẹ́ rán ọ létí.

Àkọ́kọ́: mọ ẹni tí ara rẹ̀ kò yá kí o tó po oògùn.

Ṣé o rántí bí ọ̀rọ̀ wáífáì ṣọ́ọ̀bù yìí ṣe rí nígbà tí o parí ẹ̀kọ́ rẹ tí o sì wá ń bá mi jókòó? Lọ́dọ̀ Málàm Sálísù tó ń ṣe píóèsì ní ṣọ́ọ̀bù tó lẹ̀ mọ́ tiwa ni ráútà wà, àwa àti òun la jọ ń dá dátà sí i. Bí oṣù tuntun bá ti wọlé báyìí, adápítọ̀ wa á bẹ̀rẹ̀ wàhálà. Á gbé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì díẹ̀, á jù ú sílẹ̀. Èmi ti ní àlàyé tèmi nígbà náà. Mo máa ń sọ fún àwọn oníbàárà pé ìlú òṣìṣẹ́ ìjọba la wà, pé bí owó oṣù bá ti wọlé, gbogbo ará àdúgbò Lókóńgómà á ra dátà, wọ́n á máa wo fíìmù, ohun tó bá ṣẹ́ kù ni wọ́n ń tú dé Kábáwá. Àlàyé náà dùn lẹ́nu mi débi pé àwọn ènìyàn ń bá mi tún un sọ kiri. Bí kò bá jẹ́ ti Lókóńgómà, a jẹ́ pé Málàm ni. Lọ́jọ́ kan mo kan ògiri rẹ̀ gbàgbàgbà.

"Sálísù! O tún ti pa á!"

Ó yọ orí síta. "Mama Moji, wallahi, network dey! Come see my own, e dey run well well."

Mo ní irọ́ ló ń pa. Ọkùnrin tó ń fi ọ̀wọ̀ bá mi gbé láti ọjọ́ yìí wá, mo pè é ní òpùrọ́ níwájú oníbàárà.

O wọlé ní àárín ariwo yẹn. Mo rò pé o máa sáré sídìí kọ̀ǹpútà, bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe. O ò fọwọ́ kàn án. O yọ fóònù rẹ jáde, o bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síbi tí kọ̀ǹpútà wà gan-an, o so fóònù mọ́ wáífáì kan náà, o sì ṣí ohun tí a fẹ́ ṣí. Ó ṣí wàràwàrà. O gbójú sókè wò mí, o ní, "Màmá, ẹ bẹ Málàm. Ọ̀dọ̀ wa ni àìsàn wà."

Ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n ó yé mi. Kò gba ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ tí o fi gba aládùúgbò mi sílẹ̀ lọ́wọ́ ahọ́n mi. Mo ra obì góòrò fún Málàm ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó gbà á, ó rẹ́rìn-ín.

Mojí, ní Ìlọrin, ǹjẹ́ o ti mú fóònù rẹ lọ jókòó lórí àga akápò? Lórí fóònù lánàá, o kà á fún mi: o pa ráútà o tún un tàn, o yọ dráífà, ètò tó ń darí adápítọ̀, o fi òmíràn sí i, o gbé tábìlì kúrò lójú fèrèsé, gbogbo rẹ̀ ní ọ̀sán kan ṣoṣo. Mo gbọ́ ọ, mo sì ní lọ́kàn mi pé, ta nìyí? Kì í ṣe Mojí mi nìyí. Ojú tí àwọn ènìyàn ń wò ọ́ ló mú ọ ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìyẹn ló mú mi dé èkejì, pé kí o máa yí ohun kan ṣoṣo padà lẹ́ẹ̀kan. Ìwọ lo kọ́ mi, èmi ni mo wá ń kọ́ ọ padà. Kí o tó dé, mo pe ọkùnrin kan tó ń pe ara rẹ̀ ní ẹnjiníà. Ẹnu rẹ̀ ń ṣàn bí omi ẹ̀rọ. Ó tú gbogbo nǹkan palẹ̀, ó pààrọ̀ eléyìí, ó pààrọ̀ tọ̀hún, ó pa gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà náà rẹ́, ó pa iṣẹ́ àwọn oníbàárà mi rẹ́ mọ́ ọn. Nígbà tó parí, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì wọlé. Inú mi dùn. Nígbà tó tún lọ, mo pè é, mo ní kí ló ṣe tó fi ṣiṣẹ́ ní ìjelòó. Ó ní òun kò mọ̀. Ẹni tó tún nǹkan ṣe tí kò mọ ohun tó tún ṣe, kò yàtọ̀ sí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

Ìwọ ńkọ́? O yọ adápítọ̀ kúrò nínú ihò kan, o tì í bọ òmíràn, o jókòó. Mo ní, "Kí lò ń dúró dè?" O ní, "Màmá, mo ti bi í ní ìbéèrè. Ẹ jẹ́ kó dáhùn kí n tó bi í ní òmíràn." Ó já. O mi orí. O gbé e lọ sára láptọ́ọ̀pù rẹ, o jókòó. Ó tún já. O ní, "Ó dáa. Kì í ṣe kọ̀ǹpútà yín, ara adápítọ̀ fúnra rẹ̀ ni." Inú ń bí mi nítorí àwọn ènìyàn tó ń dúró de fọ́ọ̀mù wọn, ṣùgbọ́n mo rí i pé gbogbo ìgbà tí ó bá já, ìwọ ń mọ nǹkan kan sí i. Àwa yòókù kàn ń bínú ni. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà wí, àmọ́ n kò rí ẹni tó fi ọ̀rọ̀ náà ṣiṣẹ́ rí títí mo fi rí ọ nídìí ihò yúúésíbì.

Ẹ̀kẹta ni ti òróró. Má rẹ́rìn-ín.

O tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹnu irin adápítọ̀ náà. O fi ìka kàn án. O gbé ìka sí imú. Mo rí i bí ojú rẹ ṣe yí padà díẹ̀, o sì wò mí, o sì yára gbé ojú kúrò. Oníbàárà kún inú ṣọ́ọ̀bù, Málàm náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí láti gbọ́ pé òun kò jẹ̀bi. O kàn ní, "Ó máa gba àkókò díẹ̀," o sì fi òwú àti sípíríìtì nu ún. Málàm bi ọ́ léèrè pé kí ló ṣe é. O ní eruku ni. Eruku sì wà níbẹ̀ lóòótọ́, gbogbo eruku ojú ọ̀nà Kábáwá ló ti lẹ̀ mọ́ ọn.

Ìgbà tí gbogbo wọn lọ tán lo fa àga sún mọ́ mi. O ní, "Màmá, mo mọ̀ pé àdúrà yín ló gbé wa débí. Ẹ má jẹ́ kí ohun tí mo fẹ́ sọ bí yín nínú. Ṣé ẹ máa ń fi òróró ra adápítọ̀ ni?"

Bí ẹlẹ́jọ́ bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Pásítọ̀ wa ti kọ́ wa pé ní ọjọ́ kìíní oṣù, kí olúkúlùkù fi òróró àdúrà ra irinṣẹ́ rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ inú ìjọ ń fi ra ọkọ́ àti àdá, àwọn aránṣọ ń fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ. Èmi, mo fi ra ilẹ̀kùn, mo fi ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, mo wá yọ adápítọ̀, mo fi òróró kan ẹnu irin rẹ̀ dáadáa, mo sì tì í bọ ihò rẹ̀ padà, nítorí mo rò pé ibẹ̀ gan-an ni ìbùkún ń gbà wọlé. Oṣooṣù ni mò ń ṣe é, oṣooṣù ni ó sì ń ṣàìsàn. Lókóńgómà kò mọ̀wọ́ mẹsẹ̀.

Ọmọ mìíràn ì bá ti rẹ́rìn-ín títí yóò fi ṣubú. Ọmọ mìíràn ì bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi jiyàn lórí Pásítọ̀ àti òróró. Ìwọ kò ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. O ní, "Màmá, ọkọ́ lè gba òróró, kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n irin inú eléyìí gbọ́dọ̀ fara kan irin ni kó tó lè ṣiṣẹ́, òróró sì ń dá wọn lẹ́kun, ó tún ń pe eruku. Ẹ jẹ́ ká máa fi kan òkè ilẹ̀kùn, àti iwájú orí àwa tí à ń lò ó." O sì tẹ orí rẹ ba síwájú mi, o ní kí n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú tìrẹ.

Mo ti fẹ́ sọ ọ́ láti ọjọ́ náà, n kò sì rí ẹnu sọ ọ́: ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé o ti dàgbà. Kì í ṣe ọjọ́ ìwé-ẹ̀rí rẹ. Ẹni tó lè rí àṣìṣe ìyá rẹ̀ tí kò sì tú u síta lójú ọjà, tí ó tún ìyá náà ṣe láìjẹ́ kó tẹ́, iṣẹ́ wo ni kò lè ṣe? Èmi fúnra mi ni mo sọ fún Málàm lẹ́yìn ìgbà náà. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú, títí dòní bí oṣù tuntun bá wọlé, á yọ orí síta, á ní, "Mama Moji, abeg no put oil for my POS o."

Fi èyí ronú sí akápò. Àgbàlagbà ni, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń dá a sílẹ̀ láìmọ̀. O ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì máa ń lọ lẹ́yìn tí ọkùnrin náà bá jẹun ọ̀sán dé. Èmi kì í ṣe ọ̀gá nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ṣé o rántí pé o sọ fún mi nígbà kan pé bí èèyàn bá fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ fúngbà díẹ̀, ó lè máa pa ihò tí adápítọ̀ wà láti fi ṣọ́ iná lò, tí kò sì ní jí i dáadáa mọ́? O lọ sínú ètò kan, o sì yọ àmì kan kúrò. Wo ibẹ̀. Ṣùgbọ́n kí o tó wò ó, lọ kí ọkùnrin náà, bí o ṣe ń kí àwọn àgbà níbí. Sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ kí ẹ ràn mí lọ́wọ́. Kí lẹ sábà máa ń ṣe kó tó lọ?" Ẹni tí a bá bi léèrè kì í ráyè fi èèyàn rẹ́rìn-ín. Bó bá sì jẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló fà á, ṣe fún un bí o ṣe ṣe fún mi.

N kò mọ̀ bóyá ẹ̀kẹrin ló kàn tàbí ẹ̀karùn-ún, ọkùnrin kan wá tẹ ìwé ètò ìsìnkú, ó dá mi dúró. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé àìsàn méjì lè wà nínú ara kan.

Nígbà tí o nu òróró kúrò, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì wọlé, kò sì já lọ́jọ́ náà, kò já lọ́jọ́ kejì. Èmi, mo dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, mo jẹ́rìí. Mo ní ẹ bá mi yin Olúwa, wáífáì mi ti padà bọ̀ sípò. Ìjọ ké halelúyà. Lọ́jọ́ Ajé, ó já. Ojú tì mí débi pé n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni láti ṣọ́ọ̀ṣì wá tẹ nǹkan. Ìwọ kàn ní, "Màmá, ẹ ò dúró ni. Kò já tó bó ṣe ń já tẹ́lẹ̀ mọ́, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ó túmọ̀ sí pé a ti rí ọ̀kan. Òmíràn ló kù."

Òmíràn náà ni àpótí irin. Nítorí àwọn olè, mo ti ní kí wẹ́dà ṣe àpótí sábẹ́ tábìlì, tí a ti kọ̀ǹpútà mọ́ inú rẹ̀ pẹ̀lú àgádágodo. O dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì pẹ̀lú aṣọ rere, o kan irin náà pẹ̀lú ìka, o ní, "Ẹ ti olè mọ́ta, ẹ ti nẹ́tíwọ̀ọ̀kì mọ́ta pẹ̀lú rẹ̀." O ra wáyà kúkúrú kan, o fi fa adápítọ̀ jáde láti inú àpótí náà wá sórí tábìlì, o kọjú rẹ̀ sí ògiri Málàm. Láti ìgbà náà, ó ń ṣiṣẹ́.

Nítorí náà, má yára sọ pé ó ti tán. Ibẹ̀ gan-an ni akápò ti rí ọ mú. Bí o bá tún ṣe é, tó sì wọlé, sọ fún un pé, "Ó ń lọ dáadáa báyìí sà, màá máa wá yẹ̀ ẹ́ wò." Bó bá já lẹ́yìn èyí, kò sí ẹni tó máa pè ọ́ ní òpùrọ́, ìwọ àti òun lẹ jọ ń ṣọ́ ọ.

Ti ẹ̀rín yẹn ńkọ́? Ó dùn mí, n kò ní purọ́. Mo fẹ́ wọ mọ́tò wá bá akápò yín lánàá, bàbá rẹ ló fi ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ dá mi dúró lórí fóònù. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pè ọ́ ní ọmọ Lọ́kọ́ja, jẹ́ wọn. Ìlú tí a ti ń kí Ebira, kí Igala, kí Núpé, kí Hausa kí oòrùn tó mú, kò sí irú èèyàn tí ọmọ ibẹ̀ kò lè bá jókòó. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Sun ẹkún rẹ bó bá gba ẹkún, kí o sì máa wo iwájú rẹ. Jẹun. Oúnjẹ alẹ́ rẹ kì í ṣe bísíkíìtì.

Mo ti ń fi ọ̀rọ̀ kan falẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, n kò fẹ́ tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n bí n kò bá tẹ̀ ẹ́, gbogbo èyí tí mo sọ lókè kò pé.

Ní àárọ̀ yìí, wáífáì ṣọ́ọ̀bù lọ. Obìnrin Ebira kan ló wá fi orúkọ ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìdánwò, ọjọ́ sì ti fẹ́ tán fún un. Ohun àkọ́kọ́ tó wá sí mi lọ́kàn ni kí n pè ọ́. Mo gbé fóònù, mo rántí ẹkún rẹ, mo gbé e kalẹ̀. Mo wá gbé fóònù náà lọ síbi tí kọ̀ǹpútà wà, mo so ó mọ́ ti Málàm. Ó ṣí. Mo ní, ó dáa, ọ̀dọ̀ wa ni. N kò kan ògiri. N kò pe ẹnikẹ́ni ní òpùrọ́. Mo yọ adápítọ̀, mo wo ẹnu rẹ̀, ó mọ́. Mo dá a padà sínú ihò, mo fi ìka mì í díẹ̀, ó ń yẹ̀ nínú ihò náà bí eyín ọmọdé. Mo yọ ọ́, mo tì í bọ ihò kejì, n kò sì fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Mo jókòó. Mo dúró. Ó wọlé. Mo tún dúró sí i, bí o ṣe máa ń dúró, obìnrin náà ń wò mí bí ẹni pé orí mi kò pé. Kò já. A parí fọ́ọ̀mù ọmọ rẹ̀.

Obìnrin náà pàtẹ́wọ́, ó ń dúpẹ́, ni omi bá dà lójú mi. Ó ní, "Mama, wetin happen? E don work now."

N kò lè ṣàlàyé fún un. Mojí, láti ọjọ́ tí o ti wọ mọ́tò lọ ni mo ti ń retí kí nǹkan yìí bàjẹ́. Mo fẹ́ kó bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, kí n lè ní ìdí rere láti ní kí o padà wá. Nígbà tí o sọ lánàá pé ṣọ́ọ̀bù nílò ẹni tí yóò máa tún nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ṣe, inú mi dùn. Ọmọ mi ń sunkún, inú mi ń dùn. Lónìí ó wá bàjẹ́ bí mo ṣe fẹ́, ọwọ́ èmi fúnra mi ló tún un ṣe.

Nítorí náà, o kò lè wí pé nítorí ṣọ́ọ̀bù mọ́. Ṣọ́ọ̀bù wà dáadáa. Èmi ni àárò rẹ ń sọ, ìyẹn kò sì tó nǹkan tí ọmọ fi ń fi iṣẹ́ sílẹ̀. Dúró síbẹ̀, kí o lọ kí akápò lówúrọ̀ ọ̀la.

Ìyá rẹ ni.